Bí a ṣe ń de àtẹ̀gùn àkásábẹ́ mọ́ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, àti bí a ṣe ń lò ó

Píkọ́ọ̀pù òde òní ga. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn Ford F-150 tàbí Chevrolet Silverado tí gbogbo táyà rẹ̀ ń fà, kí ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀. Ẹ ó bá a ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3, nígbà mìíràn kó lé díẹ̀. Ọmọ ogún ọdún á fò ó láìronú. Àwa tí orúnkún ti ń sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ńkọ́? A ó kọ́kọ́ fi eékún kan gun ilẹ̀kùn, a ó rákò wọlé, a ó wá máa wá ohun tí a máa dì mú ká tó lè nàró. Sísọ̀ kalẹ̀ ló tiẹ̀ wá burú jù, nítorí ọwọ́ ẹni sábà máa ń kún, ẹsẹ̀ ò sì rí ibi tó ń lọ.

Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ náà mọ̀ pé wàhálà ni. Ford fi àtẹ̀gùn tó ń yọ jáde sínú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn Super Duty, píkọ́ọ̀pù ńlá rẹ̀, ti 2008, ó sì gbé e dé orí F-150 ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Chevrolet ní tirẹ̀ gbẹ́ ibi ìtẹsẹ̀ sí igun méjèèjì bọ́ńpà ẹ̀yìn Silverado ti 2014. Ti Ford wúlò, ṣùgbọ́n ó dìgbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bá wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lè lò ó. Ti Chevrolet kò ní ohun tó lè bàjẹ́ lára, àmọ́ ó ṣì ga fún ẹni kúkúrú, bàtà oníṣẹ́ tó fẹ̀ kì í sì í wọlé dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà fi ń ra àtẹ̀gùn lọ́tọ̀: èyí tó ká sábẹ́ bọ́ńpà nígbà tí ẹ ń wakọ̀, tí ẹ ó sì fi ẹsẹ̀ fà jáde nígbà tí ẹ bá fẹ́ gùn. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ì báà wà ní ṣíṣí, ì báà wà ní títì, àtẹ̀gùn náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ó débi ẹrù yín. Iléeṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ lọ jù nínú iṣẹ́ yìí ni AMP Research, tó bẹ̀rẹ̀ ní Kalifọ́níà, tí wọ́n ń pe tiwọn ní BedStep. Àwọn mìíràn náà ń ṣe é, iṣẹ́ dídè rẹ̀ sì jọra.

Ẹni tó lè pààrọ̀ táyà fúnra rẹ̀ lè de nǹkan yìí. Ṣé owó mẹ́káníìkì nílẹ̀ Amẹ́ríkà yìí kì í ṣe eré, kò sì sí ohun kan nínú iṣẹ́ náà tó ju bóòtù àti nọ́ọ̀tù lọ.

Kí ẹ tó sanwó

Oríṣi mẹ́ta ló wà lọ́jà. Àkọ́kọ́ ni ti abẹ́ igun bọ́ńpà ẹ̀yìn, tí wọ́n sábà máa ń ṣe fún ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Èkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ níwájú táyà ẹ̀yìn. Òun ló dára fún ẹni tó ní àpótí irinṣẹ́ lẹ́yìn orí ọkọ̀, tó jẹ́ pé inú àpótí yẹn ló ń wá nǹkan sí láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀kẹta ni wọ́n ń ki bọ inú ihò ìkọ́ tírélà.

Ẹ̀kẹta yẹn ò wọ́n, kò sì gba sípánà púpọ̀, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fa tírélà, ẹ gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Bí ẹ ò bá sì yọ ọ́, ibẹ̀ ló máa yọ gọńgọ sí, tí gbogbo ẹni tó bá gba ẹ̀yìn ọkọ̀ yín kọjá ní ibùdókọ̀ ilé ìtajà á máa fi ojúgun gbá a. Ẹni tó bá ti fi ojúgun gbá irin rí kò ní bèèrè pé kí ni mò ń sọ. Ti abẹ́ bọ́ńpà ni màá fi ìtọ́sọ́nà yìí ṣàlàyé, torí òun ló bá ọ̀pọ̀ ènìyàn mu.

Má wulẹ̀ ra èyí tí wọ́n ní ó bá gbogbo ọkọ̀ mu. Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ yín gan-an, kí ọdún ọkọ̀ náà sì wà nínú ọdún tí wọ́n kọ sára páálí. Ẹ̀dá F-150 ti 2014 yàtọ̀ sí ti 2015 pátápátá. Ní 2015 ni Ford sọ ara ọkọ̀ náà di alumíníọ̀mù, títí kan ibi ẹrù, tó sì fi ṣáàsí sílẹ̀ ní irin. Ìyẹn já mọ́ nǹkan fún wa níbí. Àtẹ̀gùn tó dára, ṣáàsí tàbí irin tó gbé bọ́ńpà dúró ló ń dì mọ́. Àwọn olówó pọ́ọ́kú kan wà tó ní kí ẹ lu ihò sára ògiri ibi ẹrù, kí ẹ fi bóòtù irin dè é mọ́ alumíníọ̀mù. Bí omi iyọ̀ bá ti ráyè sáàárín irin àti alumíníọ̀mù, alumíníọ̀mù ló máa ń jẹ. Ẹni tó ń gbé Chicago tàbí Maryland, tí ìjọba ń da iyọ̀ sójú títì ní gbogbo ìgbà òtútù, máa rí i láìpẹ́ ọjọ́ tí ihò yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lulẹ̀.

Ẹ sùn sábẹ́ ọkọ̀ kí ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó ra nǹkan. Ibo ni páìpù sàlẹ́ńsà ti ń yọ? Apá ọ̀tún ló ń gbà yọ lára ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù, nípa bẹ́ẹ̀ apá òsì máa ń ṣófo fún àtẹ̀gùn. Àmọ́ tí sàlẹ́ńsà yín bá ní ẹnu méjì, tọ̀tún-tòsì, ẹ rí i dájú pé àtẹ̀gùn tí ẹ fẹ́ rà gbà á láàyè. Àwọn tó ń ṣe é sábà máa ń kọ ọ́ sára ọjà. Ṣé bọ́ńpà tó bá ọkọ̀ dé láti iléeṣẹ́ náà ló ṣì wà níbẹ̀, àbí onírin ńlá tí ẹnì kan fi rọ́pò rẹ̀? Ṣé wọ́n ti fi nǹkan gbé ọkọ̀ náà sókè ju bó ṣe wà lọ? Bí wọ́n bá ti gbé e sókè ní ínǹṣì 4 tàbí 6, àtẹ̀gùn náà á sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tó yẹ kó sọ̀ dé lára ọkọ̀ lóòótọ́, àmọ́ á ṣì ga sílẹ̀, wàhálà tí ẹ ń sá fún á sì tún padà dé.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Ti AMP Research gba 300 páùn, ìyẹn kìlógíráàmù 136. Ẹni tí kò bá sanra á ní kí ló kàn mí níbẹ̀. Ẹrù ló kàn yín. Ọkùnrin tó bá wọn páùn 220, tó gbé àpò sìmẹ́ńtì Amẹ́ríkà kan léjìká, tí àpò yẹn jẹ́ páùn 94, ti di 314. Ó ti kọjá ààlà nìyẹn, kò tíì fi ẹsẹ̀ kejì kúrò nílẹ̀. Àpò ìrẹsì kìlógíráàmù 50 tí a mọ̀ nílé ju ìyẹn lọ. Ẹ kọ́kọ́ gbé ẹrù sórí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kí ẹ wá gun àtẹ̀gùn lọ́wọ́ òfìfo.

Ohun tí ẹ máa nílò

Sọ́kẹ́ẹ̀tì àti ọwọ́ rẹ̀ ni olórí. Bóòtù mìlímítà 8 ń gba sọ́kẹ́ẹ̀tì 13, mìlímítà 10 ń gba 17 lára ọjà tó pọ̀, àmọ́ àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan ń lo 15 tàbí 16 fún un. Mìlímítà 12 ń gba 18 tàbí 19. Ẹ tọ́jú ọ̀pá tó ń fi kún gígùn sọ́kẹ́ẹ̀tì, nítorí àwọn nọ́ọ̀tù kan máa ń sá pamọ́ sẹ́yìn bọ́ńpà níbi tí ọwọ́ ò dé. Sípánà tọ́ọ̀kì, èyí tó máa ń dún kẹ́ tí bóòtù bá ti fún tó. Búrọ́ọ̀ṣì onírin. WD-40 tàbí òmíràn tó ń tú ìpẹtà. Gúlúù bóòtù aláwọ̀ búlúù, irú èyí tí Loctite ń ṣe. Kì í ṣe pupa, torí ẹ ó fẹ́ tú bóòtù náà lọ́jọ́ kan. Tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mọ́rí. Awò ojú, nítorí erùpẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ máa já bọ́ sójú ẹni tó dùbúlẹ̀, kò sí bí a ṣe lè ṣe é tí kò ní já bọ́. Páálí ńlá kan láti dùbúlẹ̀ lé.

Ẹ wá ẹnì kan tó máa ràn yín lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé àtẹ̀gùn náà sípò. Ó wúwo fún ẹni tó dùbúlẹ̀ tó sì fi ọwọ́ kan wá ihò bóòtù.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ẹ fa búréèkì ọwọ́, ẹ fi igi tàbí bíríkì há táyà iwájú, kí ẹ sì jẹ́ kí sàlẹ́ńsà tutù dáadáa. Kò pọn dandan kí ẹ fi jáàkì gbé ọkọ̀. Píkọ́ọ̀pù ga tó fún ènìyàn láti yọ́ wọ abẹ́ bọ́ńpà. Tí ẹ bá sì máa gbé e, ẹ fi ẹsẹ̀ irin tó lágbára gbé ṣáàsí dúró. Jáàkì nìkan kò tó fún ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà lábẹ́.

Ẹ tú gbogbo ohun tó wà nínú páálí sórí aṣọ kan, kí ẹ fi wé àwòrán inú ìwé tó bá a wá. Ẹ tò ó: apá àtẹ̀gùn tó ní oríkèé, bírákẹ́ẹ̀tì ńlá (irin tó ń dì í mọ́ ọkọ̀), bírákẹ́ẹ̀tì kékeré tó ń tì í lẹ́yìn, bóòtù, wáṣà, nọ́ọ̀tù. Ẹ má jẹ́ kí bóòtù gígùn àti kúkúrú dàpọ̀. Bóòtù tó gùn jù lè yọ lódì kejì kó máa gún wáyà.

Wáyà lọ́rọ̀ tó kàn. Lẹ́yìn bọ́ńpà ni wáyà iná tírélà wà, iná nọ́ḿbà ọkọ̀, sẹ́ńsọ̀ tó ń pariwo tí ẹ bá ń fi ẹ̀yìn rìn, nígbà mìíràn wáyà kámẹ́rà náà. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ lé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ẹ mọ ibi tí wọ́n gbà. Tí wáyà kan bá gba ibi tí bírákẹ́ẹ̀tì máa jókòó sí, ẹ yọ kílíìpù rẹ̀ kúrò, kí ẹ tún un dè sí ibi tí irin ò ti ní fún un pa.

Ẹ wá fọn WD-40 sí ẹsẹ̀ àwọn bóòtù tí ẹ máa tú, kí ẹ lọ jẹun. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ lọ jẹun. Bóòtù tó ti wà lábẹ́ ọkọ̀ fún ọdún mẹ́jọ, tó ti mu omi iyọ̀ yó, bí ẹ bá fi ipá tú u lójú kan náà, orí rẹ̀ máa já dà sọ́wọ́ yín. Ẹ padà dé, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ wá tú u díẹ̀, dá a padà díẹ̀, tú u díẹ̀ sí i.

Ọ̀pọ̀ àtẹ̀gùn yìí máa ń yá bóòtù méjì tàbí mẹ́ta lò lára àwọn tó ti gbé bọ́ńpà dúró tẹ́lẹ̀. Ẹ má tú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tú ọ̀kan, fi bírákẹ́ẹ̀tì sí i, dá bóòtù padà pẹ̀lú ọwọ́ lásán, kí ẹ tó kan èkejì. Bí ẹ bá tú gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, bọ́ńpà á tẹ̀ sílẹ̀ ní igun yẹn, ihò ò ní dọ́gba mọ́, ẹ ó sì lo ọ̀sán yín láti máa tì í sókè. Bóòtù ìkọ́ tírélà yàtọ̀ ní tirẹ̀. Àwọn yẹn ló gbé ẹrù tí ọkọ̀ ń fà, agbára tí wọ́n fi ń fún wọn pọ̀ gan-an. Àyàfi tí ìwé àtẹ̀gùn yín bá dárúkọ wọn ní pàtó, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n.

Nínú àwọn páálí kan, ẹ ó rí nọ́ọ̀tù tí wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ìrù fún. Inú ihò ṣáàsí ni wọ́n ń kì í bọ̀, ibi tí sípánà ò lè dé. Ẹ ki nọ́ọ̀tù náà wọlé láti ihò tó fẹ̀, ẹ fà á dé ẹ̀yìn ihò kékeré, ẹ wá fi ọwọ́ òsì di ìrù rẹ̀ mú ṣinṣin nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún ń fi ìka yí bóòtù wọ̀ ọ́. Ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń dún ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́ nínú ṣáàsí bó ṣe ń wá ojú bóòtù. Ìgbà tí bóòtù bá ti mú un ní yíyí mẹ́ta ni kí ẹ tó fi ìrù náà sílẹ̀. Bí nọ́ọ̀tù bá já bọ́ sínú ṣáàsí, ẹ wá mágínẹ́ẹ̀tì tó ní ọwọ́ gígùn. Òun nìkan ló máa mú un jáde.

Ìgbà yìí ni olùrànlọ́wọ́ wúlò. Kí ó gbé apá àtẹ̀gùn náà sókè kó sì dúró bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ẹ máa darí rẹ̀ láti abẹ́: "Àbúrò, gbé e sí iwájú díẹ̀. Ó tó. Má mì." Ẹ fi gbogbo bóòtù sí i, gbogbo wáṣà, gbogbo nọ́ọ̀tù, kí ó sì ṣì rọ̀ tó pé ẹ lè fi ọwọ́ mì í.

Ẹ gbọ́, má fún nǹkan kan le títí gbogbo bóòtù á fi wọlé. Ibí ni iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. Wọ́n á fún bóòtù àkọ́kọ́ títí yóò fi ké, wọ́n á wá rí i pé ihò ẹ̀kẹta kò bára mu, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òòlù bẹ̀ ẹ́. Bí ẹni ń wé gèlè ló rí: a kì í ta kókó kí ìṣẹ́po tó jókòó. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti wà níbẹ̀, ẹ jáde lábẹ́ ọkọ̀, ẹ lọ dúró sẹ́yìn níwọ̀n ìgbésẹ̀ márùn-ún, kí ẹ wò ó. Ṣé ó bá etí bọ́ńpà mu? Ẹ fà á jáde, ẹ tì í wọlé. Ẹ rí i pé kò gbo sàlẹ́ńsà, kò kan bọ́ńpà, kò kan táyà sípéà, àti pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí wá sílẹ̀ láìkan nǹkan kan. Ó yẹ kí ìka ọwọ́ yín kan wọ àárín rẹ̀ àti ohunkóhun tó bá wà nítòsí.

Ó dọ́gba? Ó yá, ẹ fún un wàyí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti bóòtù tó sún mọ́ ṣáàsí jù, kí ẹ máa jáde bọ̀ wá síta. Kí ẹ tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kán gúlúù búlúù ẹyọ kan sí ẹsẹ̀ rẹ̀, àfi tó bá jẹ́ nọ́ọ̀tù tó ní rọ́bà nínú, torí ìyẹn ti di ara rẹ̀ mú. Ìwé inú páálí ló máa sọ agbára tí ẹ ó fi fún un, ẹ tẹ̀ lé e. Bí ìwé bá ti sọnù, èyí ni ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń lò fún bóòtù irin tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí, tí kò sí òróró lẹ́sẹ̀ rẹ̀: mìlímítà 8 ń gba nǹkan bíi Newton-mítà 25, mìlímítà 10 ń gba bíi 49, mìlímítà 12 ń gba bíi 85. Lórí sípánà tọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà, ìyẹn á jẹ́ ẹsẹ̀-páùn 18, 36 àti 63. Tí ẹ bá fi gíríìsì tàbí òróró sí ẹsẹ̀ bóòtù, ẹ dín in kù, torí bóòtù tó ń yọ̀ máa ń fún ju bí sípánà ṣe rò lọ. Àwọn bóòtù bọ́ńpà tí ẹ yá lò ńkọ́? Ìwọ̀n ti ọkọ̀ ni kí ẹ dá wọn padà sí.

Ẹ fi ọ̀dà funfun tàbí ìkọ̀wé onítádáwà fa ìlà kan láti orí bóòtù dé orí irin tó wà nídìí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún wo abẹ́ ọkọ̀, ìlà tó bá ti ṣẹ́ ni bóòtù tó ti yí.

Ìdánwò

Ẹ má fi ara yín lé e lójú kan náà. Ẹ fà á jáde, kí ẹ di etí ibi ẹrù mú, kí ẹ fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́, ìwọ̀n díẹ̀díẹ̀. Ẹ mì ara yín jẹ́jẹ́. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ á tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ torí sípíríǹgì rẹ̀, ìyẹn ò burú. Ohun tí ẹ ń wá ni bí àtẹ̀gùn náà bá ń yí sí ẹ̀gbẹ́, tàbí tí irin bá ń dún kọ̀ọ́. Oríkèé máa ń ní ìmì díẹ̀ láti ilẹ̀. Bírákẹ́ẹ̀tì kò gbọ́dọ̀ mì rárá. Bó bá mì, ẹ padà sábẹ́.

Ẹ wakọ̀ ní ojú ọ̀nà tó ní kòtò díẹ̀, kí ẹ tẹ́tí. Ariwo tíntín tó ń lù lẹ́yìn sábà máa túmọ̀ sí pé àtẹ̀gùn ò wọlé tán, tàbí pé wáyà kan ń gbá bọ́ńpà. Ẹ yẹ gbogbo bóòtù wò lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn nǹkan bíi máìlì 500.

Bí a ṣe ń gùn ún

Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igun ọkọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Ẹ fi orí bàtà ko etí àtẹ̀gùn náà láti abẹ́, kí ẹ fà á wá sọ́dọ̀ ara yín. Á yí wálẹ̀, á sì dún gbàgà nígbà tó bá dé ibi tó ń dúró sí. Bí ẹ ò bá gbọ́ ariwo yẹn, tàbí tí ẹ ò rí i kó dúró, ẹ má gun un. Àwọn tó ń lo iná, irú èyí tí Toyota ń tà pẹ̀lú Tundra láti 2022, kò nílò ẹsẹ̀ yín láti fà á wálẹ̀, ṣùgbọ́n ìlànà gígùn rẹ̀ kò yàtọ̀.

Ojú yín gbọ́dọ̀ kọ sí ọkọ̀, nígbà gígùn àti nígbà sísọ̀. Ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ kan, tàbí ẹsẹ̀ méjì àti ọwọ́ kan, ló gbọ́dọ̀ máa wà lára ọkọ̀ nígbà gbogbo. Ìyẹn ni pé ẹni tó gbé kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù sí ọwọ́ méjèèjì kò gbọ́dọ̀ gun àtẹ̀gùn. Mo mọ̀ pé ní ọjọ́ òde àríyá, tí wọ́n ti ń pe alásè lórí fóònù láti inú gbọ̀ngàn pé àwọn àlejò ti jókòó, kò sẹ́ni tó máa rántí. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dúró lókè, kí ẹnì kan máa gbé kúlà lé orí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un. Ẹni tó bá wọ ìró tàbí agbádá, ẹ ká a mọ́ra dáadáa kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀; etí àtẹ̀gùn máa ń mú aṣọ.

Àárín àtẹ̀gùn ni kí ẹ tẹ̀. Bí ẹ bá tẹ etí rẹ̀ tó jìnnà sí ọkọ̀ jù, gbogbo ìwọ̀n yín á dà lé oríkèé náà, irú ìlò bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Ẹ má sì fò lé e láti òkè. Ìwọ̀n 300 páùn yẹn wà fún ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Ẹni tó fò lulẹ̀ lé e ń fi agbára tó ju ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ lù ú.

Ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọmọdé máa fẹ́ fi ṣe ibi ìjókòó tí ọkọ̀ bá dúró. Ẹ lé wọn kúrò, kì í ṣe torí ìwọ̀n wọn, bí kò ṣe torí ìka ọwọ́ wọn àti oríkèé tó ń tì mọ́ra.

Tí ẹ bá parí, ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ tì í sí iwájú àti sókè títí á fi dún gbàgà wọlé. Ẹ sọ ọ́ di àṣà pé ẹ ó wo igun yẹn kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Àtẹ̀gùn tí ẹ gbàgbé síta máa gbá etí títì bí ẹ bá ń fi ẹ̀yìn rìn. Ó sì lè mú kí sẹ́ńsọ̀ máa pariwo láìdá. Ẹlòmíràn á ní sẹ́ńsọ̀ ọkọ̀ òun ti bàjẹ́, á ti pe ẹni tó máa tún un ṣe, láìmọ̀ pé àtẹ̀gùn ni sẹ́ńsọ̀ ń rí.

Ìtọ́jú

Kò pọ̀. Ẹ máa fi omi tó ní agbára fọ oríkèé rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fọ ọkọ̀, ní ìgbà òtútù pàápàá tí iyọ̀ àti yìnyín á ti dì mọ́ ọn. Tó bá gbẹ, ẹ fọn sílíkóònù gbígbẹ sí i. Ẹ má lo gíríìsì: gíríìsì máa ń di iyanrìn mú, iyanrìn yẹn á sì máa gé oríkèé náà bí ẹ bá ṣe ń ṣí i tí ẹ ń tì í. Bí yìnyín bá ti dì í pa, ẹ má fi ẹsẹ̀ gbá a. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló gbà.

Bí rọ́bà tàbí ojú tó rí págunpàgun tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ bá ti jẹ, ẹ ra èyí tí wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀, tàbí kí ẹ lẹ téèpù oníyanrìn mọ́ ọn. Irin tó ń yọ̀ nínú òjò léwu ju kò sí àtẹ̀gùn lọ.

Bí ọkọ̀ náà bá ń lọ Èkó

Àwọn kan ń lò ó níbí fún ọdún mélòó kan, wọ́n á wá fi ránṣẹ́ sílé. Ẹ wo àyè tó wà láàárín ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn tó ká àti ilẹ̀. Lára ọkọ̀ tí wọn ò gbé sókè, àtẹ̀gùn abẹ́ bọ́ńpà lè jẹ́ ohun tó sún mọ́ ilẹ̀ jù lẹ́yìn, kòtò àti òkè ìdíwọ́ eré àdúgbò wa kì í sì í bára wọn dọ́gba. Ibi tí ẹ̀yìn ọkọ̀ ti gùn kọjá táyà ló máa kọ́kọ́ gbo ilẹ̀ nígbà tí táyà ẹ̀yìn bá wọ kòtò. Ẹni tó mọ̀ pé ọ̀nà ilé òun rí bẹ́ẹ̀, kó ra èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ níwájú táyà ẹ̀yìn, kó sì fi ṣáàsí wọ̀n ọ́n kó rí i pé kò sọ̀ jù ú lọ.

Ẹni tó ń lo Hilux nílé kì í sábà nílò gbogbo èyí. Hilux kò ga tó píkọ́ọ̀pù ńlá Amẹ́ríkà, bọ́ńpà ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti ní ibi ìtẹsẹ̀ láti iléeṣẹ́. Tí ẹ bá máa yọ àtẹ̀gùn kúrò lára ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi, kí wọ́n má baà jí i yọ níbùdókọ̀ òkun, ẹ kó gbogbo bóòtù rẹ̀ sínú ọ̀rá kan, kẹ́ ẹ kọ ọdún àti orúkọ ọkọ̀ náà sí i lára, kẹ́ ẹ sì dá àwọn bóòtù bọ́ńpà padà sí ipò wọn pẹ̀lú ìwọ̀n tó yẹ kí ọkọ̀ tó kúrò nílẹ̀.